Bí Orúnkún Bá Ti San

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ìyá mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ kékeré tó ń sáré kiri inú ilé yín, tí mo máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ohùn rẹ nígbà tí o bá pè mí. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, pé oorun yín ń dùn, pé iṣẹ́ tí o ń ṣe kò mu ọ́ lómi ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi náà wà láàyè. Mo jí lónìí, mo wẹ̀, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo rán ṣòkòtò ẹnì kan dé ìdajì, mo sì rí i pé ọkàn mi kò sí lára ṣòkòtò náà. Ni mo bá jókòó láti kọ̀wé sí ọ.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí bàbá yìí ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù mi kò bàjẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí o bá pè, o máa ń ní, "Bàbá, orúnkún yín ńkọ́?" Èmi á ní, "Ó wà ńbẹ̀." Ìwọ á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Bí orúnkún bá ti san, ẹ ó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa." Èmi á ní, "Àmín." Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á pè ọ́ níbi iṣẹ́, tàbí kí ọmọ ké, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ilé yín ga, o ti sọ fún mi, àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kò lè gùn ún. Mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn náà ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kò ṣeé sọ láàárín "ó wà ńbẹ̀" àti "àmín".

O mọ ẹsẹ̀ mi. Ó tẹ̀ sóde bí ọrun, ewúrẹ́ lè gba àárín rẹ̀ kọjá kó má fara kàn mí. Nígbà tí mo wà nílé-ìwé, Àkámọ́ ni wọ́n ń pè mí, torí pé olùkọ́ ìṣirò ya àkámọ́ méjì sójú pátákó lọ́jọ́ kan, gbogbo kíláàsì sì yíjú wò mí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí o bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi kọ́ iṣẹ́ ṣòkòtò rírán, òun nìyẹn: mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ tí á bo irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ nìkan ló máa ń sọ pé ẹsẹ̀ náà wu òun, pé kò sí bí èrò ṣe lè pọ̀ tó lójú pópó, òun á rí ọkọ òun láti ẹ̀yìn.

Ohun tí n kò sọ fún ọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Òjò ló mú kí n tètè ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo sì ń gòkè lọ sí yàrá wa. Nígbà tí mo dé kọ́nà àtẹ̀gùn, orúnkún ọ̀tún há, bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ṣe máa ń há nígbà tó bá kan irin síìpù. N kò lè gòkè, n kò lè sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀. Mo pè, pè, pè, kò sí ẹni tó dáhùn, gbogbo ará ilé ti lọ síbi iṣẹ́, rédíò ẹnì kan ló ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Fóònù mi wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀. Káfíńtà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló padà dé, tó fi ọwọ́ há mi lábíyá, tó gbé mi dìde. Ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí ẹnì kankan lókè ni?" Mo ní kò sí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju orúnkún lọ.

Káfíńtà ló mú mi dé ilé ìwòsàn. Dókítà ya fọ́tò eegun mi, ó gbé e sójú iná, ó fi bírò tọ́ka sí i. Ó ní nítorí pé ẹsẹ̀ mi tẹ̀, apá inú, níbi tí orúnkún méjèèjì ti kọjú síra wọn, ni gbogbo ìwúwo ara mi ń wọ́ lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń gbó. Mo ní ó yé mi. Ṣòkòtò náà kì í gbó kárí, ibi tí itan ti ń ra itan ló máa ń kọ́kọ́ já. Ó ní àwọn mìíràn wà tí wọ́n máa ń gé eegun wọn kí wọ́n lè tò ó gún, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ orí mi àti bí tèmi ṣe mọ, kí n kọ́kọ́ lọ ṣe eré ìdárayá. Mo ní ẹ ṣeun, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àmọ́ nínú mi, mo rẹ́rìn-ín. Eré ìdárayá kẹ̀! Èmi tí wọn kì í fi ṣọ́ gólì lọ́mọdé, torí pé àárín ẹsẹ̀ mi ni bọ́ọ̀lù máa ń gbà wọlé.

Yàrá tí a ti ń ṣe é wà nísàlẹ̀ ilé ìwòsàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, torí náà òórùn ọṣẹ ló máa ń gba ibẹ̀ kan. Wọ́n tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sílẹ̀, jígí bo ògiri kan tán, àga onígi tí kò lápá sì tò sí ìdí ògiri kejì. Obìnrin tó ń kọ́ wa kéré, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lè jí òkú. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ jù ni "Ẹ gbé e sókè!" Ni a bá sọ ọ́ ní Gbé-e-sókè, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ó ti ní kí olúkúlùkù mú ẹni tí wọ́n jọ ń gbé wá, ẹni tí á kọ́ bí wọ́n ṣe ń di itan mú, tí á sì máa rán an létí nílé. Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì mú ọkọ rẹ̀ wá. Obìnrin kan mú àbúrò rẹ̀ wá. Èmi mú àpò mi wá. Gbé-e-sókè wo ẹ̀yìn mi bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀, ó ní, "Bàbá, ta ló tẹ̀lé yín?" Mo ní ọmọ mi obìnrin ń bọ̀. Má bínú, ìyá mi, ẹnu mi ló yá jù mí lọ.

Ẹnì kejì tó dá wá ni dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì kan tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ tẹ̀ ju tèmi lọ. Wọ́n ní kí àwa méjèèjì máa ran ara wa lọ́wọ́. Nígbà tí a dúró níwájú jígí, ó wò wá títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òdo méjì rèé. Bí wọ́n bá kọ ení síwájú wa, a ti di ọgọ́rùn-ún." Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. N kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

A máa ń dùbúlẹ̀ fẹ̀yìn, a ó na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, a ó gbé e kúrò nílẹ̀ láì ká orúnkún, a ó dá a dúró sókè títí itan á fi máa gbọ̀n. A máa ń ká aṣọ ìnura sábẹ́ orúnkún, a ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n á di rọ́bà kan mọ́ wa lọ́rùn ẹsẹ̀, irú èyí tí mo máa ń fi sí ìdí ṣòkòtò ọmọdé, àfi pé ó fẹ̀ jù ú lọ, a ó wá máa fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Èyí tó le jù ni kí èèyàn dìde lórí àga láì fọwọ́ kan nǹkan kan. Dẹ́rẹ́bà á di itan mi mú, á máa kà bí ẹni ń kó èrò sọ́kọ̀: "Ọ̀kan wọlé, èjì wọlé, ó ku àyè kan, Ẹ̀gbọ́n, ó ku àyè kan!" Kí n sọ òótọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí ju ìgbà tó bá fẹ́ gba aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi lọ. Kò sì sí ẹni tó jágbe mọ́ mi. O kò mọ bó ṣe máa ń dùn tó kí ẹnì kan jágbe mọ́ èèyàn nítorí ire rẹ̀.

Wàyí o, ìwọ mọ bàbá rẹ. Èmi kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́, àfi bí téèpù bá sọ ọ́. Bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, màá bọ́ ṣòkòtò, màá pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, màá fi téèpù wọn àyè tó wà láàárín orúnkún. Èrò mi ni pé ṣe ni wọ́n fẹ́ na ẹsẹ̀ mi kó gún. Ṣebí aṣọ tó bá wọ́, a máa ń wọ́n omi sí i, a ó fi áyọ́ọ̀nù fà á títí á fi tọ́. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, téèpù kò yẹ̀ kúrò lójú kan. Ó wá di Sátidé kan, ó tún fẹ̀ sí i díẹ̀. Háà! Mo ní wọ́n ti tàn mí jẹ. Gbogbo ìrìn akàn tí mo ń rìn yẹn, asán ni. Mo ká rọ́bà wọn, mo sọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ, n kò lọ mọ́, n kò sì gbé ẹsẹ̀ kankan sókè nílé.

Orúnkún tún bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ìrọ̀lẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ní ọjọ́ kan, mò ń gé aṣọ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà. Dẹ́rẹ́bà ni, ó ń làágùn, ó ti fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀, ó sì ti ń béèrè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ títẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ará àdúgbò. Kò kí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, itan ta lẹ fẹ́ kí n máa dì mú? Àbí ti ọ̀gá ilé-ìwé, kí ọkọ rẹ̀ lù mí pa?" Mo yíjú sí ògiri, mo ń ṣe bí ẹni ń wá òwú, torí omijé ti lé ró sí mi lójú. Ẹnì kan mọ̀ pé n kò wá.

Mo bá a padà lọ. Mo sọ fún Gbé-e-sókè pé kó má bínú, iṣẹ́ rẹ̀ kò ràn mí, mo ti wọ̀n ọ́n. Ó ní, "Ẹ wọn kí ni, Bàbá?" Mo yọ téèpù, mo wọ̀n ọ́n lójú gbogbo wọn. Yàrá bú sẹ́rìn-ín, ọkọ ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Gbé-e-sókè fọwọ́ ti ògiri títí ẹ̀rín fi fi í sílẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ ń wọn ohun tí a ò rán. Ẹsẹ̀ yín ò ní gún. Iṣan itan àti ti ìbàdí la fẹ́ kó lágbára, kó máa bá eegun gbé ẹrù. Ẹ sọ fún mi, kí ẹ tó sá lọ, ṣé ẹ ṣì máa ń di tábìlì mú kí ẹ tó dìde?" Mo ronú. N kò dì í mú mọ́. N kò tiẹ̀ mọ ọjọ́ tí mo jáwọ́. Mo ní, "Rárá o." Ó ní, "Ẹ wọn ìyẹn."

Láti ìgbà náà ni mo ti fọkàn sí i, nílé àti níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ẹ̀rọ bíi ti àtijọ́. Mo ń lọ ra òwú fúnra mi. N kò lè lóṣòó o, mi ò sì purọ́ pé mo lè sáré, bí mo bá jókòó pẹ́ jù, ó máa ń rán mi létí pé òun wà. Ṣùgbọ́n mo ń gòkè, mo ń sọ̀, n kò sì dúró ní kọ́nà.

Dẹ́rẹ́bà kò bá wa parí ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ àgbà gbé ọkọ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó ní yàrá ti wà nílẹ̀ fún bàbá òun, kí ó wá lọ. Orúnkún tirẹ̀ kò tíì san tó tèmi rárá. Méjì nínú wa ló gbé e wọ ọkọ̀, ọmọ rẹ̀ ń di orí rẹ̀ mú kó má gbá ilẹ̀kùn. Ó juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ku àyè kan!" Mo bá a yọ̀, mo gbàdúrà fún un, lẹ́yìn náà mo wọlé lọ dá dìde lórí àga. Má pè é ní ìlara. Bí ó bá sì jẹ́ ìlara ni, kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Gbé-e-sókè mú mi lọ sídìí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn. Ó ní kí n gùn ún lọ sókè pátápátá, kí n sọ̀ padà. Mo ṣe é. Ó ní, "Bàbá, ṣé ó dùn yín?" Ìyá mi, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bí mo bá ní ó dùn mí, àyè mi á ṣì wà lórí fóòmù yẹn, ohùn yẹn á ṣì máa jágbe mọ́ mi. Bí mo bá ní kò dùn mí, mo ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn, ó sì di dandan kí n wá bá ọ sọ̀rọ̀ ìlérí rẹ. Obìnrin arúgbó kan fara ti ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí àyè ṣí sílẹ̀. Mo ní, "Kò dùn mí." Gbé-e-sókè pàtẹ́wọ́, ó gbá mi mọ́ra, ó ní kí n máa ṣe é nílé, pé n kò nílò wọn mọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé n kò lè sọ fún un pé mo ṣì nílò wọn.

Mo dé ilé, mo gun àtẹ̀gùn wa láti ìsàlẹ̀ dé òkè, èémí mi kò tiẹ̀ yí padà. Mo yíjú sẹ́yìn láti sọ pé, "Ẹ rí i àbí ẹ ò rí i?" Kò sí ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Mo ṣílẹ̀kùn, mo jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, mo sì sunkún bí ọmọdé. N kò sọ ọ́ kó lè dùn ọ́. Mo sọ ọ́ torí pé ọmọ mi ni ọ́, bí n kò bá sọ fún ọ, ta ni mo fẹ́ sọ fún?

Ìbéèrè mi nìyí. Orúnkún ti san, ṣé kí n máa bọ̀? Ẹ̀rù ń bà mí láti béèrè, torí pé télọ̀ ni mí, mo mọ irú ìlérí tí wọ́n fi ń lé èèyàn lọ sílé. Ẹni tí n kò tíì gé aṣọ rẹ̀ rárá, mo ti wí fún un rí pé ó ku bọ́tìnnì. N kò ní i lọ́kàn láti ṣe ìkà fún un, mo kàn fẹ́ kó fi ẹ̀rín kúrò níwájú mi ni. Bóyá irú èyí ni ìwọ náà ṣe, tí o rò pé orúnkún arúgbó kì í san. N kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ó ti san o, àdágbé sì ti sú mi. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kan tí ẹ̀rọ mi lè gbà, àti ẹni tí a ó jọ máa kíra wa láàárọ̀. Mo lè mú ọmọ lọ sílé-ìwé kí n sì mú un bọ̀. Mo lè gun àtẹ̀gùn yín.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo yín sí. Kí ẹsẹ̀ yín má kọ̀ yín lójú ọ̀nà. Kí ọmọ tí o ń tọ́ mọ ojú rẹ lágbà bí ó ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ọjọ́ tí o bá pe èèyàn, kí o rí ẹni jẹ́ ọ lóhùn. Bá mi kí ọkọ rẹ, sọ fún un pé mo ti rán ṣòkòtò méjì sílẹ̀ dè é, kó má tíì sanra.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ, tó sì ń retí rẹ,
Télọ̀ Oníṣòkòtò.

Mo gbàgbé o: ayọ̀ ọjọ́ tí Gbé-e-sókè dá mi sílẹ̀ mú kí n sọ fún káfíńtà ìsàlẹ̀ pé mò ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi, ó sì ti sọ fún gbogbo ilé. Wọ́n ń bi mí léjọ́ọjọ́ pé ọjọ́ wo ni. Bí kò bá rọrùn fún yín, má dààmú ara rẹ, má sì wá àwáwí kankan fún mi. Màá sọ fún wọn pé orúnkún ló tún bẹ̀rẹ̀.